Abala àfikún, kì í ṣe àfikún àkókò: èsì sí àwọn àbá ọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àbá mẹ́rin tí ẹ mú wá láti fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù sí Yorùbá ló wà nílẹ̀, nípa eré tí abala mẹ́sàn-án kò bá tó láti yanjú: "àfikún àkókò", "abala ènì", "asáré iwin" fún ẹni tí wọ́n ń gbé sí béèsì kejì (béèsì ni ibùdó tí asáré ń gbà kọjá kó tó wọlé jẹ ayò), àti "ayò ìrìnlọ" fún ayò tó bá parí eré lójú ẹsẹ̀. "Abala" tẹ́ mi lọ́rùn. "Àkókò" ni kò bá a mu.

Aago kọ́ ló ń parí eré yìí. Ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ kú (bí àwọn ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ nínú eré) kí ikọ̀ kan tó fi igi sílẹ̀ fún èkejì. Bí mẹ́ta mìíràn bá tún kú, abala kan pé. Aago tó dé sí Major League Baseball (líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà) ní 2023 kò yí èyí padà, ajùbọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń lù ló ń lé: ìṣẹ́jú àáyá 15 bí béèsì bá ṣófo, 18 báyìí bí asáré bá wà níbẹ̀. Ikọ̀ Dodgers àti Red Sox ṣeré dé abala 18 ní Los Angeles lóṣù Kẹwàá 2018. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20 ni. Ẹni tó bá ka "àfikún àkókò" níbẹ̀ á máa wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ti eré keje àṣekágbá 2016 tún le jù. Chicago Cubs àti Cleveland wà ní 6–6 lẹ́yìn abala kẹsàn-án, ni òjò bá dá wọn dúró fún ìṣẹ́jú 17. Èwo wá ni àfikún, òjò ni àbí abala kẹwàá?

"Abala ènì" dùn létí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ná ọjà tán, tí a wọ̀n ọ́n, ni ènì ń dé. Ọjà kò tíì tán níbí: ọ̀mì ló wà nílẹ̀, eré yìí kì í sì í fẹ́ gba ọ̀mì. (Ó gbà á nígbà tí pápá kò ní iná. Brooklyn àti Boston ṣe abala 26 lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1920, ilẹ̀ ṣú, wọ́n tú ká ní 1–1.) "Abala àfikún" ni kó jẹ́.

Asáré tí ẹ pè ní iwin ni ènì tọ́ sí. Láti 2020 ni Major League Baseball ti ń gbé e sí béèsì kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan (ìdajì abala, tí ikọ̀ kan fi ń lù), láti abala kẹwàá lọ. Ní 2023 ó di òfin títí lọ, àfi nínú ìdíje ẹ̀yìn sáà tí kò sí i. Ẹlẹ́ran ara ni. Bí alùbọ́ọ̀lù karùn-ún ló kàn, ẹni kẹrin inú ìtò, tàbí ẹni tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀, ni yóò dúró síbẹ̀. Bó bá wọlé, ayò rẹ̀ wọ inú èsì, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ìpíndọ́gba ayò tí ajùbọ́ọ̀lù jẹ̀bi rẹ̀. Asáré ènì gan-an nìyẹn. Ẹ fi "iwin" sílẹ̀ fún eré àdúgbò Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ tí kò pọ̀ tó ti ń ṣe bí ẹni pé asáré wà lórí béèsì.

Ní ti "ayò ìrìnlọ", ta ló ń rìn lọ? A ti ní "kásẹ̀ ńlẹ̀". Mo dábàá "ayò akásẹ̀ńlẹ̀", kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì sọ pé onílé nìkan ló lè jẹ ẹ́, nítorí òun ló ń lù gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ "apá àlejò" àti "apá onílé" ju "apá òkè" àti "apá ìsàlẹ̀" lọ. Ní 2016, Ben Zobrist ti Cubs lu bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di 7–6, Miguel Montero sọ ọ́ di 8–6, síbẹ̀ àlejò ni Cubs. Cleveland ṣì ní apá tirẹ̀, ó jẹ ẹyọ kan, 8–7, kí ẹni kẹta tó kú. Kò sí akásẹ̀ńlẹ̀ níbẹ̀. Max Muncy ti Dodgers jẹ ẹ́ ní 2018: òun ló kọ́kọ́ lù ní apá onílé abala 18, 3–2, ẹnì kankan kò tíì kú, eré ti tán.

Ẹ má fi "lílù" sínú orúkọ náà. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó ṣìnà nígbà tí béèsì kún lè kásẹ̀ eré ńlẹ̀, nítorí alùbọ́ọ̀lù á gba béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, á sì ti asáré kan wọlé. Àṣìṣe ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù náà lè ṣe é. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ọgbà, gbogbo asáré tó wà lórí béèsì ni wọ́n ń kà. Bí kò bá fò ó, ayò tó borí ni kíkà sábà ń dúró sí.

Ó ku ẹni tó ń lù. "Agbábọ́ọ̀lù" ti di ti ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe lo "alùbọ́ọ̀lù" lókè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá.