Àyẹ̀wò ní ọkàn mi dá ṣáṣá, síbẹ̀ àyà mi ò yé já

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dín òṣìṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ wa ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Bí ọ̀gá bá pè mí lórí fóònù pẹ́rẹ́, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ á tutù, á sì máa làágùn, ìgbẹ́ á máa gbọ̀n mí. Ìka ọwọ́ mi á dà bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀.

Dókítà yẹ ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní àníyàn ni: ara rò pé ewu dé, ló bá tú adrenaline, èròjà tí ara fi ń múra de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré, oúnjẹ ò sì ní dà dáadáa. Mímí kíákíá ló ń fa ti ìka yẹn. Ó ní kí n máa fi imú fa èémí, kí n tú u síta díẹ̀díẹ̀, kí ìtúsíta pẹ́ ju ìfàsínú lọ. Nílé, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú ọkọ̀ èrò tó kún fọ́fọ́, mi ò rí i ṣe.

Mo ti dín kọfí àti obì kù, torí kaféènì, èròjà tó lè mú kí ọkàn sáré, wà nínú méjèèjì.

Ìyá mi ní ayé ló ń ṣe mí, ká lọ sórí òkè. Mi ò kọ àdúrà o. Àmọ́ ta ló ti rí onímọ̀ ìlera ọpọlọ nínú yín? Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ nílé tí wọn ò fi pè yín ní wèrè? Kí lẹ sì máa ń ṣe tó bá ká yín mọ́ àárín èrò?