Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lórí fífi nǹkan tiyín kún sọ́fítíwíà orí cloud (èyí tí à ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì)

Ará Tanke:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bá Àlàájà kan tó ní dẹ́pò mínírà nítòsí Ọjà Ọba bójú tó Odoo wọn, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà àti owó. Ọjà tó wọlé, owó tó jáde, VAT 7.5%, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé e fún wa kò da ìgò òfìfo mọ̀ rárá. Ẹni tó bá ta mínírà onígò rí á mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kọ́sítọ́mà á gbé kéréètì 40, á kó òfìfo 37 wá, á ní "Àlàájà, ó di ọ̀la", owó mínírà ti pé, sọ́fítíwíà ní ẹni yìí ò jẹ gbèsè kankan, bẹ́ẹ̀ kéréètì mẹ́ta ti wọgbó. Inú ìwé hàdìkọ́fà ni Àlàájà ń kọ ọ́ sí, bíròó pupa fún ẹni tó jẹ, búlúù fún ẹni tó ti dá a padà, ojú ìwé ti lẹ̀ mọ́ra torí mínírà tó ń ta sí i.

Ẹnì kan ti kọ́kọ́ bá wọn ṣe é kí n tó dé, inú kóòdù Odoo fúnra ẹ̀ ló lọ kọ tiẹ̀ sí. Ó ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Odoo ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ìgbà tí wọ́n sún un síwájú báyìí, gbogbo ẹ̀ pòórá. Wàláì, ó dùn mí fún wọn, torí ọ̀nà ẹ̀ wà ńlẹ̀: o máa kọ módù (abala kóòdù) tìẹ lọ́tọ̀, wàá fi _inherit so ó mọ́ èyí tó wà, kóòdù Python fún iṣẹ́, XML fún ojú tí wọ́n ń wò. Field kan (àyè tí à ń kọ nǹkan sí) ni mo fi sára orúkọ kọ́sítọ́mà, "kéréètì tó kù lọ́wọ́ ẹ", pupa ló máa ń yọ kí ẹni tó ń tà tó tẹ bọ́tìnì Confirm. Odoo Online, èyí tí wọ́n ti tò kalẹ̀ fúnni, ò gba módù tèèyàn kọ o, àfi Odoo.sh, níbi tí Odoo ti ń yá èèyàn ní sáfà fún kóòdù tiẹ̀, tàbí sáfà tiyín. Àlàájà fajú ro lórí owó ìyẹn dáadáa.

Ará Ọ̀fà:
Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Salesforce, sọ́fítíwíà orí cloud míì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn, la fi ń ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa. Ọmọ tó ń bá wa kọ Apex (èdè kóòdù Salesforce) ní kí èlé máa ṣírò ara ẹ̀, tó bá fi orúkọ ẹnì kan dán an wò á lọ geere, ọjọ́ tí a da orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà ló pariwo "Too many SOQL queries: 101", ìyẹn ni pé ìbéèrè tó ń bi dátábéèsì ti pọ̀ jù. Ilé alájọgbé ni Salesforce, ẹnì kan ò lè dá fa omi kànga tán, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan ò fi lè bi dátábéèsì léèrè ju ìgbà 100 lọ. Inú loop (kóòdù tó ń tún ara ẹ̀ ṣe fún orúkọ kọ̀ọ̀kan) ló fi ìbéèrè ẹ̀ sí, a yọ ọ́ síta, ó bi í lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn, ó tán.

Ará Òmù-Àrán:
Ará Tanke, ìgò tó bá fọ́ ńkọ́?

Ará Tanke:
Field tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, mánẹ́jà nìkan ló sì lè tẹ̀ ẹ́. Tá a bá fi sílẹ̀ fún àwọn sélsbọ́ì, gbogbo kéréètì tó bá sọnù ní dẹ́pò yẹn ló máa di èyí tó fọ́.