Dírìlì orí tábìlì tòkunbọ̀: kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkòròdú ni mo ti ń kan àga. Mo rí dírìlì tòkunbọ̀ kan, ẹnu rẹ̀ ń gba bíìtì (irin tó ń lu ihò) 13mm. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Èsì: Ẹ fi irin gbọọrọ tí kò wọ́ sí i lẹ́nu, kí ẹ tan án. Bí irin náà bá ń jó bí eégún, ẹ má rà á. Ẹ fa ọ̀pá tó gbé ẹnu dírìlì náà wálẹ̀, kí ẹ fọwọ́ mì ín. Tèmi ń mì bí eyín arúgbó, gbogbo ihò tí mo lu ló wọ́!

Èsì: Ṣé igi lẹ fẹ́ lu ni àbí irin, bọ̀dá? Bó bá jẹ́ irin, ẹ ṣí ọmọrí òkè, ẹ wo bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń dín eré rẹ̀ kù. Bíìtì ńlá kò fẹ́ eré, á jóná.

Olùbéèrè: Igi ni, àfi géètì ìyá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mò ń gbé irin gbọọrọ lọ lọ́la.