Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìyanu àti ìtàn ọjọ́ iwájú, kí lojú yín ti rí?

Ajílété
Ẹ kú ilé o. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ ìtàn ọmọ ọdẹ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi kánàkò dé orí Mars. Kì í ṣe kánàkò inú ìwo o, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ náà á ká ọ̀nà bí ẹni ká ẹní, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti dé. Mo ti dé orí kẹsàn-án, ìtàn wá dúró gbagidi.
Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń tọ́jú. Láàárín ẹni tó gbé ata wá àti ẹni tó gbé èlùbọ́ wá ni mo ti ń kọ ọ́ sórí fóònù, eruku láfún ti jẹ́ kí ojú fóònù mi funfun bí ewú. Ìyàwó mi ní àkókò tí mo fi ń tẹ fóònù yẹn, ká ní gáàsì ni mo fi ń tà ni, a ti kọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é bọ̀, ìgbà wo lẹ máa ń ráyè kọ ọ́? Tó bá há, kí lẹ máa ń ṣe sí i?

Akẹ́wì Òru
Aago mẹ́rin ìdájí. Kò sọ́nà míì.

Ọmọ Alákàrà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.
Ní 2014, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, mò ń retí èsì. Mo kọ ìtàn kan sínú nóòtù ńlá mẹ́ta. Ìlú kan wà lábẹ́ odò Ọbà, ohùn ìlù ni wọ́n fi ń tan iná níbẹ̀. Tí onílù bá sùn, òkùnkùn ṣú nìyẹn. Àárín àwọn nóòtù ilé ìwé mi ni mo kó o sí. Ìyá mi ń dín àkàrà ní Tákíé nígbà yẹn. Mo lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ìsẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kan péré. Kí n tó dé, màmá ti ru gbogbo nóòtù lọ sídìí agbada. Wọ́n ní ẹni tó ti ṣe ìdánwò tán, kí ló tún fẹ́ fi nóòtù ṣe.
Nóòtù kan àti ààbọ̀ ti lọ. Mo sunkún bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Màmá ń wò mí pé ṣé bébà náà ni gbogbo èyí.
Lọ́jọ́ kẹta, bàbá télọ̀ kan tó máa ń ra àkàrà láràárọ̀ dé. Wọ́n di tiẹ̀ fún un, ó tú u wò, ó ní rárá, bébà yìí kọ́. Ó ní, "Ìyá, ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ń rì lẹ bá mi dé lánàá. Ṣé ó kú ni àbí kò kú?"
Ìyá mi ò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ṣáà ń tú apẹ̀rẹ̀ wò, èrò ń pọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí jáde pé kí n wá dá bàbá lóhùn. Ọjọ́ yẹn ni màmá fowó ara wọn ra nóòtù míì fún mi. Wọ́n ní kí n tún un kọ, àmọ́ kí n má pa ọmọbìnrin yẹn o, torí oníbàárà lọ̀rọ̀ kàn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Irọ́. Bébà tí epo ti rin gbingbin, ta ló rí i kà?

Ọmọ Alákàrà
Bírò ni mo fi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Epo kò pa á rẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn bébà á máa hàn síwájú, èèyàn á máa ka ojú ewé méjì pọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fi yé bàbá ju bó ṣe yé èmi lọ.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀
Èmi gbà á gbọ́. Bébà ẹ̀pà lèmi fi mọ ìwé kà. Mo ka ìdajì lẹ́tà ìfẹ́ àjèjì kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ọmọbìnrin yẹn gbà.
Ṣùgbọ́n eléyìí ńkọ́? Ó kú àbí kò kú?

Télọ̀ Kì í Ṣe Èmi
Ẹ dá wa lóhùn o.

Ọmọ Ọdẹ
Ajílété, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ kánàkò yẹn. O pè é ní àròsọ. Ta ló sọ fún ẹ pé àròsọ ni? Bàbá tó bí bàbá mi ń jẹun àárọ̀ nílé, wọ́n á sì kí wọn lóko níbi tí èèyàn á rìn dọ̀sán kó tó dé. Nǹkan tí wọ́n ṣe, tí gbogbo ilé rí, ìwọ wá ń fi í ṣe ìtàn ọjọ́ iwájú. Ọjọ́ àtijọ́ nìyẹn, bùrọ̀dá.

Akẹ́wì Òru
Bóyá bàbá ní kẹ̀kẹ́ tẹ́ ò mọ̀.

Ọmọ Ọdẹ
Ìwọ lo mọ̀.

Àdùnní Akẹ̀sán
Ohun tó ń bá èmi náà fínra nìyí. Ọ̀yọ́ ni mo wà. Mo kọ ìtàn obìnrin kan tó ń ta igbá fínfín ní ọjà Akẹ̀sán. Ohun tó bá fín sára igbá, ó di alààyè lóru. Tó bá fín alángbá, alángbá á rìn. Mo fi orí kìíní sórí WhatsApp ní ọjọ́ Àìkú. Kó tó di ọjọ́rú, obìnrin méjì ti wá bá mi pé kí n júwe ìsọ̀ onígbá náà fún àwọn. Ẹ̀kẹta ní kí n dá igbá tí mo yá lọ́wọ́ òun padà, kí n má sì wẹ̀ ẹ́, òun á wẹ̀ ẹ́ fúnra òun.
Àjèjì tó bá ka irú rẹ̀ á ní ọpọlọ mi pé. Ará ilé á bi mí pé ta ló sọ fún mi.
Àmọ́ Ajílété, ẹ jẹ́ n dáhùn ohun tí ẹ bi wá, torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn. Kí n tó kọ gbólóhùn kan, èèwọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Agbára tí kò léèwọ̀, ìtàn rẹ̀ kì í ta sánsán. Onígbá mi lè fín ẹyẹ, ó lè fín ẹja, kò gbọdọ̀ fín ojú èèyàn. Ẹni tó bá ka ìyẹn ní orí kìíní, ó ti mọ̀ pé ojú èèyàn ló máa fín gbẹ̀yìn. Ojú ta ni yóò jẹ́ ni kò mọ̀, ìyẹn ló sì máa mú un dúró. Kánàkò tiyín ńkọ́, kí lèèwọ̀ rẹ̀? Mi ò rí i níbì kankan. Bóyá ohun tó há yín nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Áńtì yìí mọ̀wé. Ẹ bá mi fín owó sára igbá kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ajílété. Mo ka orí kẹrin tí ẹ fi síbí lóṣù tó kọjá. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdẹ yẹn fi fóònù pe ìyá rẹ̀ láti Mars, ìyá sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Mars bá sún mọ́ wa jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 kó tó dé. Tó bá wà ní òdìkejì oòrùn, á tó ìṣẹ́jú 22. Àlọ nìkan nìyẹn o. Tí ọmọ bá ní "Ẹ káàárọ̀ mà", ó lè tó ìṣẹ́jú 44 kó tó gbọ́ "Káàárọ̀, ṣé dáadáa lo jí?"

Jẹ́jẹ́ Layé
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń lò ní àdúgbò wa nìyẹn. A ò tíì kúrò láyé.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀
Ìyá mi á ti pa fóònù. Wọ́n á ní mo fẹ́ jẹ káàdì àwọn.

Ajílété
Ẹ dúró ná.
Ìṣẹ́jú 22.
Ní orí kẹsàn-án, ọmọ ọdẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn ihò kan, ó ń júwe ohun tó rí fún ìyá rẹ̀. Ìyá mọ àmì tó wà lára ilẹ̀kùn náà, torí wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri nílé baba wọn. Ìyá á pariwo pé má ṣí i o. Ó máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n á ti ṣí i tán, á ti jókòó sínú ihò, á máa jẹun. Ìyá náà mọ̀ pé kò tíì gbọ́. Á jókòó ti fóònù níwájú ilé, á máa ka ìṣẹ́jú.
Mi ò lè sùn lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì
Ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù: ẹ̀rọ tó ń ká ọ̀nà fún èèyàn, kí ló dé tí kò lè ká ọ̀nà fún ohùn?

Àdùnní Akẹ̀sán
Èèwọ̀!

Ajílété
Èèwọ̀! Ohun tó bá ní ẹ̀jẹ̀ lára nìkan ló máa ń gbé. Áńtì mi, mo jẹ yín ní gbèsè.

Ọmọ Ọdẹ
Irọ́ nìyẹn ná. Kánàkò máa ń gbé ẹrù. Bàbá bàbá mi máa ń gbé ìbọn dání.

Aáfáà Kékeré
Ẹ jọ̀ọ́, ìrun ńkọ́? Ọmọ ọdẹ yẹn, mùsùlùmí ni àbí ìgbàgbọ́? Mo gbọ́ pé ọjọ́ kan lórí Mars fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 gùn ju tiwa lọ. Aago ta ni yóò fi kí àsùbáà?

Akẹ́wì Òru
Ọ̀rọ̀ dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì
Ẹ má fi ṣeré, wọ́n ti dáhùn apá kan rẹ̀. Ní 2007, mùsùlùmí kan láti Malaysia lọ sí ibùdó tó ń yí ayé po lójú òfurufú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni ibùdó yẹn ń yí ayé po lójúmọ́, oòrùn á máa yọ, á máa wọ̀. Tí wọ́n bá ní kó kírun márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní jẹun. Àwọn aáfáà ìlú rẹ̀ kọ ìlànà fún un: aago ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni kó máa tẹ̀ lé. Tí kò bá lè mọ ibi tí Káábà wà, kó kọjú sí ayé.

Aáfáà Kékeré
Kó kọjú sí ayé. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ajílété, ẹ fi í sínú ìtàn.

Ajílété
Ọmọ ọdẹ ìgbàgbọ́ ni mo fi ṣe, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ìyàwó mi ń kà á.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀
Èmi ò kọ ìtàn o, kíkà ni mò ń kà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ gbogbo ẹ̀yin òǹkọ̀wé: ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé "oko re gbera lo si osupa". Mo ti ń bá obìnrin yẹn kẹ́dùn títí tí mo fi kà dé ìsàlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ló ní lọ́kàn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ̀yin rò pé ọkọ ni. Èmi rò pé oko ni, pé wọ́n fẹ́ lọ gbin ẹ̀gẹ́ lóṣùpá. Ẹ má jẹ́ ká dárúkọ èyí tó kù.

Akẹ́wì Òru
Èmi ni mo kọ ọ́. Fóònù mi ò lámì.

Àdùnní Akẹ̀sán
Wọ́n ń fi bọ́tìnnì Yorùbá sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, bùrọ̀dá. Ibi tí èèyàn ti ń yí èdè padà ló wà. Tí ẹ bá tẹ "o" mọ́lẹ̀ díẹ̀, á kó àwọn ẹbí rẹ̀ jáde.
Ẹ má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ìtàn ìyanu. Ẹni tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ níbí ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe olùkọ́. Ọgbà yẹn ló di Yunifásítì Ajayi Crowther lónìí.

Ajílété
Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà. Ẹ má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àdùnní Akẹ̀sán
Ọmọ Òkè-Igbó ni. Omi Ọ̀yọ́ ló mu.

Jẹ́jẹ́ Layé
Irú omi yẹn ti tán nínú kànga. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé wa ò pọn nǹkan kan láti àná.

Ìyá Ìbejì Arówómọlẹ̀
Gbogbo yín ti gbàgbé ọmọbìnrin tó ń rì. Ọmọ Alákàrà, ó kú àbí kò kú?

Ọmọ Alákàrà
Ẹ̀yà kejì tí mo kọ, kò kú, torí ìyá mi. Ti àkọ́kọ́, mi ò rántí mọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Bàbá télọ̀ yẹn nìkan ló kà á dé ibẹ̀. Wọ́n ti kó kúrò ní Tákíé.

Télọ̀ Kì í Ṣe Èmi
…

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ̀yin! Ṣé ìwọ ni?

Télọ̀ Kì í Ṣe Èmi
Orúkọ mi ń sọ̀rọ̀.

Ajílété
Iná ti dé. Kóńgò èlùbọ́ mẹ́fà wà nílẹ̀, ìyá tó ni ín ti ń wò mí láti ìṣẹ́jú 22. Ẹ jẹ́ n lọ̀ ọ́ ná.