Tíì, obì, énájì: kí ni wọ́n ń ṣe fún ara yín? Ẹ wá sọ tiyín

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe alẹ́ oorun. Òkú ń bẹ ní Jímọ̀, ìgbéyàwó ń bẹ ní Sátidé, gbogbo ìwé ètò gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, a ó máa ṣí agolo énájì, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó á lọ bá màámi olóbì.

Kì í pẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́. Ojú á dá, ẹni tó ń tòògbé tẹ́lẹ̀ á máa kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́. Ẹni tó bá dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé gbọ́dọ̀ gbá ìwé jọ kí etí wọn dọ́gba kí abẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti mu agolo kejì lé obì, ìka á máa gbọ̀n, á gbá a títí, etí ìwé ò ní dọ́gba. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń búra pé oorun ò kun òun. Lóòótọ́, ojú rẹ̀ là kedere. Ó to ojú ìwé 5 ṣáájú 4 nínú ìwé ètò òkú, ó tò ó bẹ́ẹ̀ dé ìdajì iṣẹ́, kò rí i.

Ti òwúrọ̀ ló ń yà mí lẹ́nu jù. Màá délé, màá wẹ̀, ó ti rẹ̀ mí dé eegun, síbẹ̀ àyà mi á ṣì máa lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé bó ṣe ń ṣe yín náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Yábàá:
Ẹ̀gbọ́n, káfíìnì, èròjà inú énájì, kọfí àti tíì tó ń lajú ẹni, ò lé oorun lọ o, ó kàn dí i lọ́nà ni. Látìgbà tí a bá ti jí ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ. Ó ní àyè tó máa ń jókòó sí kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Àyè yẹn ni káfíìnì ń gbà. Àárẹ̀ ò lọ síbì kankan, ìròyìn rẹ̀ ni ò dé. Káfíìnì kì í sì í tètè kúrò: ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde lára àgbàlagbà. Agolo 250 ml tó ní 80 mg, tẹ́ ẹ bá mu ún láago mẹ́ta òru, nǹkan bíi 40 mg ṣì wà lára yín láago mẹ́jọ àárọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni èmi ń mu kọfí tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ni.

Ẹ̀yin aláboyún, tiyín pẹ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. 200 mg lóòjọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má kọjá, ife kọfí kan sì lè tó 95.

Aláṣọ Balógun:
Tèmi kì í ṣe ti òru. Tíì ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. N kì í tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Àfi tí ààwẹ̀ bá dé. Lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n tó pe ìrun Àílà, orí á ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ojú lọ dé ìpàkọ́. Oníbàárà á béèrè pé èló ni yáàdì kan, á ṣe mí bíi kí n bú u. Mo ní ebi ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ ṣe àdúrà ìwòsàn rúkíyà! Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi tá a jọ ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí kì í mu tíì, orí kì í fọ́ ọ. Tó bá di ìṣínu, màá jẹ mọ́ínmọ́ín, màá mu omi, orí ò ní lọ. Kí n ṣáà mu tíì ife kan, kí n tó dìde lórí ẹní, ó ti fúyẹ́. Ní báyìí, tí Ṣàábánì, oṣù tó ṣáájú ti ààwẹ̀, bá ti wọlé ni mo ti ń dín in kù, mo sì ń mu ife kan ní sàárì.

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Yábàá:
Màámi, tíì lorí yẹn ń béèrè. Káfíìnì máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí fún. Tí kò bá wá mọ́, wọ́n á fẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24. Àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan gan-an ní káfíìnì nínú, ẹ máa wo ara páálí kẹ́ ẹ tó lò ó lálẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀shòdì:
Kí lẹ ń pariwo káfíìnì sí? Obì gbànja nìkan lèmi ń jẹ láti Ọ̀shòdì dé Ọbáléndé. Kò sí kẹ́míkà nínú obì.

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Káfíìnì ló wà nínú obì náà, ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń ṣiṣẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀shòdì:
Abájọ! Mo ti ń bínú sí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò látọjọ́ yìí pé òun ni ò jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n tí gosílóò bá mú wa lórí Third Mainland lálẹ́, n ò lè fi í sílẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Yábàá:
Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kẹ́ ẹ sùn fún ogún ìṣẹ́jú.

Awakọ̀ Ọ̀shòdì:
Ẹ̀gbẹ́ títì wo, ní Èkó yìí? Kí n jí kí n má bá dáńfó?