Ta lẹ mọ̀ tó ń ṣe sípíìṣì tẹ́rápì (ìtọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ ń ṣòro fún) fọ́mọdé, Iléṣà tàbí Ifẹ̀?

ÌyáÌsọ̀kùn: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi ti lé lọ́dún méjì àbọ̀, "mama" àti "gba" nìkan ló ń sọ, tó bá fẹ́ nǹkan á fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ní ká lọ gé abẹ́ ahọ́n ẹ̀. Àwọn méjì kan tí wọ́n júwe fún mi, ọ̀kan ní kí n kó owó oṣù mẹ́fà wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì rí ọmọ o! Èkejì ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́ nílé, òyìnbó nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa wò kí n tó mú ẹnì kan?

Nọ́ọ̀sìIléṣà: Mummy, etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò gbọ́ dáadáa, báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Tó bá sì ń wẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, ìyẹn ò ní kó máa gbọ́ gbogbo ohùn èèyàn o. Ẹ lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà níbí kí wọ́n kọ̀wé yín sí dókítà etí, OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kan náà ló ni Wesley àti ti Ifẹ̀, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ Ifẹ̀, ẹ lọ. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ etí ọmọ láti fi yẹ bó ṣe ń gbọ́ràn wò, kò ní dùn ún, ó tiẹ̀ lè máa sùn lọ. Ṣé ó ní jọ́ńdíìsì, kí ojú ọmọ máa pọ́n, nígbà tẹ́ ẹ bí i? Ẹ sọ fún wọn, tó bá le gan-an ó lè ba etí jẹ́.

BàbáLagere: Ẹni tó ní kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ mà. Èdè méjì kọ́ ló ń dí ọmọ lọ́rọ̀. Tó bá jẹ́ màmá àgbà ló ń bá a jókòó lọ́sàn-án, èdè wo ni wọ́n fẹ́ kí màmá fi bá a ṣeré? Aunty tó ṣe tẹ́rápì fọ́mọ tiwa, orí ẹní ló jókòó sí, ó gbé ife dání, ó ní "omi", ó wá dákẹ́, ó ń wojú ọmọ, ó dákẹ́ títí ó fẹ́ máa bí mi nínú, àfìgbà tọ́mọ ní "mi" ló gbé e fún un. Ó wá ní kí ìyàwó mi náà ṣe é lójú òun. Ohun tá à ń ṣe nílé lójoojúmọ́ yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró síta, ẹ má san owó ẹ̀. Ẹ sì béèrè bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn.

ÌyáÌsọ̀kùn: Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ẹ̀ pọ́n lóòótọ́ nígbà tí mo bí i, wọ́n gbé e sábẹ́ iná tí wọ́n fi ń wo jọ́ńdíìsì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè kan etí. Abẹ́ ahọ́n wá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìIléṣà: Ahọ́n tó so lè má jẹ́ kọ́mọ mu ọmú dáadáa, ó lè má jẹ́ kọ́rọ̀ já geere, kì í ṣe òun ló ń fà á kọ́mọ má sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi abẹ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n gbé e sábẹ́ iná dání, kẹ́ ẹ sì tètè dé.