Ọ̀pá Atìmọ́tò ni, tàbí Ọ̀pá Atàtaré?

Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí á máa pe ọ̀pá irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ asáré, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, ní "ọ̀pá atìmọ́tò". Gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ni: "Bí ọ̀pá atìmọ́tò bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dá àbá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé orúkọ náà àti ọ̀rọ̀-ìṣe "gbó" jọ ń ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ọ̀pá yìí kì í ti nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, tó sì jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń gbé e rìn, iṣẹ́ ọ̀pá náà ni láti gba ìyípo lọ́wọ́ gíà, kí ó sì fi í lé àwọn irin eléyín ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíà kò dín in kù tí kò sì fi kún un, nígbà 100 ni ọ̀pá náà ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí á gba nǹkan níhìn-ín kí á fi ránṣẹ́ sí ọ̀hún, tàtaré ni Yorùbá ń pè é. Nítorí náà, "ọ̀pá atàtaré" ni mo fara mọ́. Lóòótọ́, àwọn ọ̀pá kúkúrú tó lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń tàtaré, ṣùgbọ́n "ọ̀pá táyà" ti tó wọn.

Àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì fi orúkọ Cardano, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ oríkèé ọ̀pá yìí, ìyẹn ibi tí ó ti ń ká bí orúnkún. Orúkọ ènìyàn kò ní la ojú òǹkàwé tiwa. "Oríkèé àgbáyé" tí ẹlòmíràn dábàá láti inú "universal joint" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tún burú jù, nítorí pé kò sí ohun tó kan àgbáyé nínú rẹ̀. Irin kan tó rí bí àgbélébùú ló wà láàárín àmúga méjì; orí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú ife kéékèèké, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ sì tò yí wọn ká nínú gírísì. Àwọn mẹkáníìkì ti rí i tipẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní kúrọ́ọ̀sì. "Oríkèé alágbèélébùú" kàn sọ ohun tí ojú wọn rí ni.

Ibi tó dùn mí jù ni "gbó". Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kì í sábà gbó. Oríkèé rẹ̀ ló ń jẹ. Bí gírísì bá tán, àwọn abẹ́rẹ́ náà á máa họ irin, ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà á yọ létí ife, oríkèé á sì dẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀pá náà mú tó sì lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì á rí i pé àmúga kan ti mira kí èkejì tó mọ̀. Bí òrùka irin bá ló di ife mú, oríkèé nìkan ṣeé pààrọ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti lu etí ihò pa mọ́ ife, gbogbo ọ̀pá ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Bí ọ̀pá bá sì tẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjẹ rárá. "Gbó" da gbogbo èyí pọ̀, ó sì lè mú kí ẹnìkan ra odindi ọ̀pá nítorí oríkèé kan.

Mo dábàá pé kí gbólóhùn náà kà báyìí: "Bí oríkèé alágbèélébùú ọ̀pá atàtaré bá ti jẹ, ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí ibi tí àmúga méjèèjì ti kọjú síra kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì wò ó bóyá òrùka ló di ife mú, kí ẹ tó pinnu láti pààrọ̀ oríkèé tàbí odindi ọ̀pá."